Kí A Tó Na Owó Ọjà Lé Mọ́tò Ọmọ

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ lórúkọ ìgbìmọ̀ ní ìpàdé gbogbogbò. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún àwọn tí kò ráyè wá.

  

A ò ní pẹ́ lórí ìdúró. Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ní ká bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti gbígbá ọjà. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ yá owó alájẹṣẹ́kù, ọjà ló fẹ́ fi rà, tàbí kó fi san owó ilé-ìwé. Ní báyìí, ìwé tó ń dé ọ̀dọ̀ wa, “mọ́tò fún ọmọ” ló wà lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọmọ ti wọ yunifásítì, ọmọ ti dé pólí, ó ní gbogbo ẹgbẹ́ òun ló ń wa mọ́tò. A ò sọ pé ó burú. Ta ni kò fẹ́ kí ọmọ òun jókòó sí ibi tí òun kò jókòó sí rí? Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà rà á ló ń kọ wá lóminú.

Kò sí ẹnì kan nínú wa tí yóò ra àpò gààrí láì ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ẹlẹ́yin á gbé ẹyin sókè wo oòrùn. Elépo á tọ́ epo wò, á sì gbóòórùn rẹ̀. Oníṣu á gbá iṣu pẹ́pẹ́ kó tó dáhùn owó. Ṣùgbọ́n tó bá di ti mọ́tò, àwa kan náà á di owó tó tó ọjà ọdún mẹ́ta sínú gèlè, a ó lọ kà á fún ẹni tí a ò mọ̀ rí, torí pé mọ́tò ń dán tí redíò rẹ̀ sì ń dún. Ojú tí a fi ń ra ọjà ni ká fi ra mọ́tò. Ohun tí a wá sọ náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa: kí ni ọmọ fẹ́ fi ṣe? Ọmọ tó ń gbé hóstẹ̀ẹ̀lì, tí kíláàsì rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ẹ jẹ́ kó máa fẹsẹ̀ rìn. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, tó ń jáde ní ọsibítù láago mẹ́wàá alẹ́, tó ń dúró de ọ̀kadà nínú òkùnkùn, ìyẹn ní ìdí. Èyí tó ń bá wa kó ọjà láti oko ní Sátidé, òun náà ní ìdí. Àwọn tí ìdí tiwọn jẹ́ pé Màmá Lágbájá ti ra fún ọmọ tirẹ̀, ẹ má bínú o, a ò rí ìdí kankan níbẹ̀.

Ọmọ ọdún 18 ni òfin gbà láàyè láti gba láísẹ́ǹsì. Kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ kí mọ́tò tó délé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí bùrọ̀dá kan má kọ́ ọ ní pápá bọ́ọ̀lù fún ọ̀sẹ̀ kan, kó sì gbé mọ́tò sí ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin tó ń ná ọjà lọ́nà ibẹ̀ mọ ohun tí à ń wí.

Nípa irú mọ́tò tó yẹ, èyí tí pààtì rẹ̀ kún Ládípọ̀ l'Ékòó àti Arárọ̀mí ní Gate, n'Íbàdàn, ni kí ẹ wá. Mọ́tò tí mẹkáníìkì àdúgbò kò tú rí, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn olówó. Kó sì jẹ́ pílọ́gì mẹ́rin. Pílọ́gì mẹ́fà ń mu epo bí ẹni tó ti oko ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ẹ rántí pé ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, epo tí kò pé ₦200 jálá kan kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí ọdún 2024 sì fi máa parí, ó ti lé ní ₦1,000. Ọmọ kò tíì níṣẹ́. Àpò tiwa ni epo náà yóò ti máa jáde.

A bi àwọn mẹkáníìkì bíi mélòó kan léèrè kí a tó dìde sọ̀rọ̀ níbí. Toyota Corolla ti 2003 sí 2007 ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Íńjìnnì rẹ̀ kò díjú, pààtì rẹ̀ sì wà káàkiri. Camry tí àwọn ọmọ ń pè ní Big Daddy, ìyẹn 2002 sí 2006, dára tí ẹ bá rí èyí tí wọ́n tọ́jú. Èyí tó tẹ̀lé e, tí wọ́n ń pè ní Muscle, ẹ ṣọ́ra fún ti 2007 sí 2009 onípílọ́gì mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń jẹ ọ́ìlì íńjìnnì, títí tí Toyota fúnra rẹ̀ fi gbà ní Amẹ́ríkà láti bá àwọn tó ní in tún un ṣe. Honda Accord onípílọ́gì mẹ́fà ti 2000 sí 2004, gíà rẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ló bàjẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò rà á, kó mọ̀ kó tó rà á. Honda kan wà tí wọ́n ń pè ní Evil Spirit. Ẹ gbọ́ orúkọ tí ìyá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ gbé wọ ilé!

Tó bá jẹ́ ọmọkùnrin, ẹ fi ojú sí èyí náà. Mọ́tò olówó ńlá lọ́wọ́ ọmọ ogún ọdún ń pe ọlọ́pàá. Ẹ rántí ohun tí ojú àwọn ọmọ rí lọ́wọ́ SARS kí ìjọba tó tú u ká ní oṣù kẹwàá ọdún 2020. SARS ti lọ, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi ń wo ọ̀dọ́ nínú Benz kò tíì lọ. Mọ́tò tí kò jọni lójú, tó ṣáà ń lọ tó ń bọ̀, òun ni mọ́tò ọmọ ilé-ìwé.

Nígbà kan, Kútọnu ni gbogbo wa mọ̀ tí a bá fẹ́ ra tòkunbọ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Èbúté ojú omi ni òfin gbà. Ẹni tó bá ní òun á bá yín mú un wá láti Kútọnu gba inú igbó ní owó pọ́ọ́kú, fàyàwọ́ ló ń pè yín sí. Àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ ọmọ lójú títì, kò sì sí ẹni tí yóò dá kọ́bọ̀ padà fún yín.

Ọ̀kan nínú wa wà níbí, ẹlẹ́lùbọ́ ni, ó ní ká sọ ọ́ ṣùgbọ́n ká má dárúkọ òun. Ó kó owó ọjà, ó kó àjọ, ó tún lọ yá owó gbọ́mú-lé-láńtà lé e, ó fi ra jíìpù fún ọmọ rẹ̀ tó wà ní ọdún kẹta. Funfun báláú ni. Inú rẹ̀ ń ta sánsán, wọ́n ti fi lọ́fínńdà sí i. Kò pé oṣù méjì tí iná iwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn fúnra rẹ̀ lóru, gíláàsì ò sọ̀kalẹ̀ mọ́, lọ́jọ́ kan ó sì kú sí àárín títì, kò jí mọ́. Nígbà tí ríwáyà ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, amọ̀ ló bá nísàlẹ̀. Amọ̀ gbígbẹ, pẹ̀lú ewé. Mọ́tò náà ti wà lábẹ́ omi rí. Ẹni tó tà á kò gbé fóònù mọ́. Ẹ wo ìsọ̀ ẹlẹ́lùbọ́ wa nísìnyí, àpò mélòó ló kù níbẹ̀? Àwọn tó yá a lówó sì ń wá ní gbogbo Ọjọ́rú.

Ibo ni omi ti bá mọ́tò dé? Ẹ̀yin tó ní ará l'Ámẹ́ríkà á ti gbọ́ nípa ìjì líle tó ń jà lọ́hùn-ún. Èyí tí wọ́n pè ní Katrina jà ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, ó bo ìlú New Orleans mọ́lẹ̀. Harvey jà ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ó bo Houston. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún mọ́tò ló rì. Ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò á san owó fún ẹni tó ni mọ́tò, wọ́n á sì gbé òkú mọ́tò lọ sí gbàǹjo. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lọ́hùn-ún pé ó ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìwé náà kì í bá a dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbẹ ẹ́, ó di tòkunbọ̀. Mọ́tò ayé òde òní, wáyà ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní brain box. Omi kì í pa ìyẹn lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jẹ ẹ́.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n nìyí. Ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn pa fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá ṣí i, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀: òórùn aṣọ tí kò gbẹ ni ẹ ó gbọ́, lọ́fínńdà ò lè bò ó tán. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin. Bí omi bá ti dé ibẹ̀ rí, ẹ ó rí ìlà ìdọ̀tí lára rẹ̀. Ẹ ki ọwọ́ sábẹ́ àga, ẹ wo àwọn nọ́ọ̀tù tó dè é mọ́lẹ̀ bóyá wọ́n ti dípẹtà. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ pé kí ẹ má ká a, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Nọ́ńbà ṣáásì ńkọ́? Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lọ́wọ́ òsì tí a bá jókòó sínú mọ́tò, ó tún wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Kí méjèèjì bá ara wọn mu, kí wọ́n sì bá ìwé mọ́tò mu. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ka èyí tó jẹ́ ìkẹwàá. Tó bá jẹ́ mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, òun ni yóò sọ ọdún tí mọ́tò jẹ́: 3 ni 2003, 7 ni 2007, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè sọ fún yín pé 2008 ni, kí nọ́ńbà sọ pé 2005 ni. Ọdún mẹ́ta yẹn, owó ńlá ni.

Nọ́ńbà yìí kan náà wúlò fún ohun mìíràn tó bà wá lẹ́rù nígbà tí a gbọ́ ọ. Àpò kan wà nínú mọ́tò tí wọ́n ń pè ní airbag, tó máa ń wú jáde láti gba ènìyàn bí mọ́tò bá gbá nǹkan. Ilé-iṣẹ́ Takata ti ilẹ̀ Japan ló ṣe èyí tó wà nínú àìmọye mọ́tò, èyí tí wọ́n ṣe náà sì lábùkù: dípò kó gba ènìyàn, irin inú rẹ̀ lè fọ́ kó sì ta jáde bí ọta ìbọn. Ó ti pa ènìyàn l'Ámẹ́ríkà àti níbòmíràn. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń mú un burú sí i, a sì mọ irú ooru tó wà lọ́dọ̀ wa. Honda Accord àti Toyota Corolla tí a ń lé kiri wà lára àwọn tí wọ́n pè padà láti pààrọ̀ rẹ̀. Àjọ ààbò ojú pópó ilẹ̀ Amẹ́ríkà, NHTSA, ní ojú-ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn lè tẹ nọ́ńbà 17 náà sí lọ́fẹ̀ẹ́, yóò sì sọ bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ tàbí wọn ò tíì ṣe é. Àwọn ọmọ tó ń fi fóònù wo fíìmù tilẹ̀ mọ́, ẹ ní kí wọ́n fi wo èyí.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ wo mọ́tò, ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń tà á mú wá. Ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un kí ẹ tó kúrò nílé, kí ó má baà máa retí tọ̀hún. Nítorí alágbàtà tó ń sáré kiri yẹn, ẹ mọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà: ọ̀gá tà, ọ̀gá ò tà, owó aláàárù á pé. Bí mọ́tò dára, yóò gba tirẹ̀. Bí ó bàjẹ́, yóò gba tirẹ̀.

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ, kí ẹ má sọ wákàtí tí ẹ ó dé. Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó síná sí i. Bí ó bá ti gbóná, wọ́n ti ń jí i kí ẹ tó dé, ohun kan wà tí wọn ò fẹ́ kí ẹ rí. Mọ́tò tó tutù kì í lè purọ́. Kí mẹkáníìkì ṣí ìdérí ọ́ìlì wò: bí nǹkan bá wà lábẹ́ rẹ̀ tó dà bí ògì tí wọ́n da kọfí sí, omi ti wọ inú ọ́ìlì, gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ. Tí wọ́n bá síná, ẹ lọ dúró lẹ́yìn. Èéfín tó ń rí bí aró, ọ́ìlì ló ń jó. Funfun tó ń yọ láìdáwọ́dúró, omi ni. Dúdú, epo ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyẹn ṣì lè ṣe é tún ṣe.

Ẹ mú òòfà kékeré dání, irú èyí tí àwọn télọ̀ fi ń ṣa abẹ́rẹ́. Ẹ fi aṣọ wé e kó má ha ọ̀dà, kí ẹ máa fi kan ara mọ́tò kiri. Ibi tí kò bá ti mú irin, ọ̀dà nípọn níbẹ̀, wọ́n ti fi nǹkan dí i, ó ti gbá nǹkan rí. Iye máìlì tó wà lójú rẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́ lásán, wọ́n ń yí i padà. Ẹ wo rọ́bà ibi tí wọ́n ń tẹ bíréèkì àti àga awakọ̀. Bí máìlì bá kéré tí rọ́bà sì ti jẹ tán, irọ́ ni.

Ẹ wà á, ó kéré tán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lórí títì tó dára àti lórí èyí tó ní kòtò. Kí éésì wà ní títàn. Ẹ yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin sápá òsì àti ọ̀tún, kí ẹ fetí sí i bóyá ó ń dún kọ́-kọ́-kọ́. Bí gíà bá ń já ènìyàn gbà tó bá fẹ́ pààrọ̀, tàbí ó ń ronú kó tó wọlé, ẹ máa lọ. Gíà ni ohun tó ń jẹ owó jù lára tòkunbọ̀.

Tàyà náà ní ọjọ́ orí. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀: bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Road Safety ti ń pariwo pé kí a má lo tàyà tó ti ju ọdún mẹ́rin lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, mínísítà ìjọba àpapọ̀ kan, James Ocholi, bá ìjàǹbá lọ lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀. Tàyà tó bẹ́ ni Road Safety sọ pé ó fà á. Mínísítà nìyẹn o. Tàyà tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, òfin tilẹ̀ ti dè é pé kí wọ́n má kó o wọ̀lú. Tuntun ni kí ẹ rà fún ọmọ.

Ẹ má san gbogbo owó kí ẹ tó rí ìwé. Ẹ gba ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù, rìsíìtì, àti ìwé àdéhùn tí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí, kí nọ́ńbà ṣáásì wà nínú rẹ̀ pátá. Bí ó bá jẹ́ mọ́tò tí ẹnì kan ti lò níbí, ẹ yí ìwé rẹ̀ sí orúkọ yín kíákíá. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti fi ṣe ohun tí kò dára, ẹnu ọ̀nà yín ni ọlọ́pàá máa dé. Owó ìbánigbófò tó kéré jù, èyí tí wọ́n ń pè ní third party, ti kúrò ní ₦5,000, ó di ₦15,000 láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ọlọ́pàá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀ lójú ọ̀nà láti oṣù kejì ọdún 2025. Ẹ rà á ní ilé-iṣẹ́ gidi, kì í ṣe lábẹ́ igi.

Ó ku ti owó. Bí ẹ bá ní mílíọ̀nù mẹ́ta, mọ́tò tí ẹ máa rà kò gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù méjì àti díẹ̀ lọ. Èyí tó kù ni ẹ ó fi ra tàyà, bátìrì, ọ́ìlì, bíréèkì, tí ẹ ó fi ṣe ìwé, kí díẹ̀ sì kù fún ohun tó bá yọjú ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ohun kan máa ń yọjú. Owó tó ń yí ọjà kò gbọdọ̀ wọ inú mọ́tò rárá, nítorí ọjà yìí ló ń san owó ilé-ìwé tí ọmọ tìtorí rẹ̀ nílò mọ́tò.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ti pinnu pé láti oṣù tó ń bọ̀, ẹni tó bá fẹ́ yá owó alájẹṣẹ́kù fún mọ́tò ọmọ yóò mú ìwé tí mẹkáníìkì kọ wá, pẹ̀lú nọ́ńbà ṣáásì lórí rẹ̀, kí a tó ka owó. A ti gba mẹkáníìkì méjì àti ríwáyà kan tó ń bá ọjà wa ṣe iṣẹ́ pé kí wọ́n máa bá wa wò ó ní owó tí kò pọ̀. Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn gbígbá ọjà, ní ìsọ̀ akọ̀wé, ni kí ẹ máa wá fún ìwé náà. Kí ẹ mú ọmọ tó fẹ́ wa mọ́tò náà dání o, torí òun ni a máa kọ́kọ́ bi ní ìbéèrè.